Igba Ìgbà Kò Tó

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí bírò, torí ibẹ̀ ni ìríra ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò kí ẹnikẹ́ni, ó gbé ìdí lé etí tábìlì obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó mú bírò tó wà níwájú rẹ̀, ó ki ìdérí rẹ̀ bọ etí, ó ń yí i, ó dijú, ó ń gbádùn rẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́ tán, ó wo ohun tó bá a jáde dáadáa, ó fi nu ara ṣòkòtò, ó sì dá bírò padà sórí ìwé tí obìnrin náà ń kà lọ́wọ́.

"Fọkàn balẹ̀," ó ní. "Ìwádìí fóòmù ibùsùn ti parí. Wá fọwọ́ sí i."

Bírò yẹn gan-an ló fẹ́ kó fi fọwọ́ sí i. Ṣíọ̀!

Ọ̀gá Fọkànbalẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe ọkùnrin náà lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí kò ní fi gbólóhùn yẹn dáhùn. Òrùlé ń jò, fọkàn balẹ̀. Kọ̀ǹpútà kú, fọkàn balẹ̀. Òun ni olórí ọ́fíìsì ìwádìí, yàrá gígùn kan tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn, tí òórùn aṣọ sísè kì í kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Obìnrin náà ní tirẹ̀, òun ni oníṣirò ibẹ̀. Bí wọ́n bá ṣèwádìí òògùn tàbí ohun èlò tuntun kan, òun ló máa sọ bóyá ó wúlò lóòótọ́ tàbí ariwo lásán ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Túnunṣe, torí bí o bá gbé ìṣirò wá bá a, ohun tó máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Tún un ṣe níṣojú mi." Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́, kó wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà gbẹ, ó sán, torí kì í yé fọ̀ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Túnunṣe, awọ ọwọ́ yẹn ò ní pẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì tún wá ọṣẹ lọ.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìfínjú. Aránṣọ ni ìyá náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ń ké kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ló fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo yìí yanjú, tó fi rán an dé yunifásítì. Lẹ́yìn tó ti dàgbà ni rọpárọsẹ̀ dé sí i lójijì. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì dákẹ́, ó di ẹni à ń gbé. Ilé ìwòsàn yìí kan náà ni wọ́n gbé e wá, wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn tó ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ ilé, ní òkè, lápá ibi tí oòrùn ti ń là. Ọmọ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ìyá dùbúlẹ̀ lókè.

Ìwádìí tí Ọ̀gá ní ó ti parí yìí, wọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀ ló kàn. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sójú kan, tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ara rẹ̀ á máa jẹ. Egbò ìdùbúlẹ̀ ni. Á bẹ̀rẹ̀ bí àmì pupa kékeré ní ìdí tàbí ní gìgísẹ̀. Bí o bá gbójú fò ó fún ọjọ́ díẹ̀, á di ihò tí èèyàn lè ki àtàǹpàkò bọ̀. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni kí ẹnì kan máa wá ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru, láti yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ó sì gba èèyàn púpọ̀. Ni àwọn oníṣòwò kan bá gbé fóòmù afẹ́fẹ́ dé, tó ní ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí yóò máa wú níbí, tí yóò máa rọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ẹni tó bá sùn sórí rẹ̀, bí wọ́n bá yí i láàárọ̀ àti lálẹ́ nìkan, ó tó. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ní ó dáa, ẹ lọ dán an wò. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni wọ́n ti fa ìlà sílẹ̀. Bó ti wù kó burú tó, iye tí àwọn tó máa ní egbò lórí fóòmù á fi ju ti àwọn tí wọ́n ń yí padà lọ kò gbọdọ̀ tó àádọ́ta nínú ẹgbẹ̀rún. Bó bá kéré sí àádọ́ta, fóòmù wọlé, yíyí wákàtí méjì-méjì dópin. Bó bá pé àádọ́ta tàbí kó lé, kí oníṣòwò wá kó fóòmù rẹ̀.

Ìwé tí Ọ̀gá gbé wá sọ pé mẹ́rìndínláàádọ́ta.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe é, sà?"

"Èmi fúnra mi. Mo mọ̀ pé ara ìyá ò yá, mo ní kí n má yọ ẹ́ lẹ́nu."

"Ìgbà mélòó lẹ mú?"

"Igba. Kí ló tún kù?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń sọ yìí, kò tiẹ̀ le tó bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù ba èèyàn. Àwọn aláìsàn tí wọ́n fi dán fóòmù wò lé díẹ̀ ní irinwó. Apá kan sùn sórí fóòmù, wọ́n ń yí apá kejì padà. O ka egbò, o rí ìyàtọ̀ kan. Ó dáa. Àmọ́ ká ní àwọn aláìsàn mìíràn ló wá sí wọ́ọ̀dù lásìkò yẹn ńkọ́? O ò lè pe ìgbà tó ti lọ padà. Ohun tí wàá ṣe nìyí: kọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé, da apá kọ̀ọ̀kan sínú agbọ̀n tirẹ̀, di ojú, mú ọ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀, dá a padà, rò ó pọ̀, tún mú òmíràn, títí iye tí o mú á fi pé iye tó wà nínú agbọ̀n. Ẹnì kan lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹlòmíì má yọjú rárá. Ṣírò ìyàtọ̀ lórí àwọn tí o mú. Ìgbà kan nìyẹn. Àtúnmú ni wọ́n ń pè é. Bí o bá ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn á máa lọ sókè, á máa lọ sódò, wàá wá rí etí òkè, ibi tí ó lè burú dé. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìwọ kàn máa fún un ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀, èyíkéyìí tó bá wù ọ́, òun ló máa fi mọ bí yóò ṣe máa ro agbọ̀n. Ìbéèrè tó kù ni pé, ìgbà mélòó ló tó?

Ní ọ́fíìsì yẹn, igba ni. Káàdì kan wà lára ògiri tí ọ̀gá àtijọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: ÀTÚNMÚ: IGBA. Nígbà ayé ọ̀gá yẹn, kọ̀ǹpútà wọn lọ́ra débi pé igba ìgbà lè gbà á láti àárọ̀ di ìgbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà yẹn ti kú, ọ̀gá náà ti kú, àwọn tó gbé òkú rẹ̀ ti ń hewú, káàdì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń nù ún ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀.

Túnunṣe kò fọwọ́ sí i. Ó dúró kí Ọ̀gá jáde, ó fi tíṣù mú bírò náà, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó fọ ọwọ́, ó padà jókòó. Ó ṣe àtúnmú igba lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Etí òkè bọ́ sí mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Mẹ́rìnléláàádọ́ta! Fóòmù kùnà. Wọn á ṣì máa yí Màámi padà. Ó tún un ṣe, bí ìṣe rẹ̀: méjìdínláàádọ́ta. Fóòmù yege. Kó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta: méjìléláàádọ́ta. Ó mí kanlẹ̀. Aláìsàn kan náà, egbò kan náà, àmọ́ etí ń jó káàkiri orí ìlà bí ọmùtí tó ń wá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá padà wọlé, ó sọ fún un. "Ọ̀gá, ti yín bọ́ sí mẹ́rìndínláàádọ́ta, tèmi bọ́ sí mẹ́rìnléláàádọ́ta."

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀rín ni ọkùnrin yìí bú sí. Ojú ò tì í rárá. "Èmi náà kọ́kọ́ rí mẹ́tàléláàádọ́ta. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀, ó tún lé. Mo tún pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló tó gbọ́ràn."

"Ó gbọ́ràn," Túnunṣe tún un sọ, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"Ẹ̀gbọ́n, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn," Akọ̀wé ọ́fíìsì dá sí i láti igun tó wà, kò tiẹ̀ gbé orí sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀. "Ọ̀gá àtijọ́ gan-an máa ń sọ pé bí kò bá gbọ́ràn, kí ẹ tún un mì. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Kò mọ̀. Ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ látìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, kò mọ̀! Iṣẹ́ tirẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Iṣẹ́ tiwọn, wọ́n ń mì í. Ọ̀rọ̀ náà sì rọ̀ wọ́n lẹ́nu tó báyìí, bí ẹni ń sọ pé òun mi ìgò òògùn kóun tó mu ún. Ó wo ojú Ọ̀gá, ó wo irun Akọ̀wé, gbogbo rẹ̀ kó o nírìíra. Ká ní wọ́n tiẹ̀ fi pamọ́ ni! Ẹni tó bá fi ẹ̀gbin pamọ́, ó mọ̀ pé ẹ̀gbin ni. Àwọn wọ̀nyí tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń jẹun.

"Ọ̀gá, irọ́ nìyẹn o."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gá díẹ̀díẹ̀. "Fọkàn balẹ̀. Ibo ni màmá ẹ wà báyìí? Kì í ṣe wọ́ọ̀dù yẹn ni? Bí mo bá sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìwọ lò ń mì í kó lè lé, ta ni ò ní gbà mí gbọ́?"

Túnunṣe fẹ́ kó jẹ́ irọ́, àmọ́ ó rántí ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà kọ́kọ́ jáde sí mẹ́rìnléláàádọ́ta, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó bọ́ sí méjìdínláàádọ́ta, kí ló dé tí ọwọ́ sáré tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta? Kí ló dé tó mí kanlẹ̀ nígbà tó lé? Òun náà mì í. Ó dìde, ó lọ fọ ọwọ́, ó sì dúró ti omi fún ìgbà pípẹ́, àmọ́ ohun tó ń wá fọ̀ kò sí lára awọ.

Lọ́sàn-án, ó gun òkè lọ sí wọ́ọ̀dù. Ó bá Àǹtí Yísíbí lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin sísanra kan ni, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, òun ni àgbà àwọn tó ń yí aláìsàn padà. Gbólóhùn tó ń sọ fún gbogbo wọn ló di orúkọ rẹ̀.

"Màmá, yí síbí. Ẹ gbé ọwọ́ yẹn fún mi. Ẹ̀n-ẹ́n, ìyàwó gidi!"

"Ọkọ dà?" ìyá bi í. Rọpárọsẹ̀ ti fa ẹnu rẹ̀ sápá kan, ọ̀rọ̀ ń wúwo jáde, àmọ́ kò mú àwàdà rẹ̀ lọ.

"Ọkọ ń bọ̀ lọ́la, ẹ kọ́kọ́ yí ná." Ó ki apá bọ abẹ́ èjìká ìyá, ó ki èkejì bọ abẹ́ ìbàdí, ó fà á mọ́ àyà, ó yí i láìjẹ́ kí awọ rẹ̀ ha ibùsùn. Ó ká aṣọ sókè, ó wo ìdí, ó wo gìgísẹ̀. Ó rí ibi tó pọ́n díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wò ó bóyá á funfun kó tó padà pọ́n. Ó funfun. "Ó ṣì dáa," ó ní, ó fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì.

Ní ibùsùn kejì, wọ́n ń tú egbò ìyá àgbà kan tó wá láti ilé rẹ̀ pẹ̀lú ihò ní ìdí. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Nọ́ọ̀sì kan yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Túnunṣe tí kì í lè jẹun bí eṣinṣin bá bà lé ìdérí abọ́ kò tiẹ̀ di imú. Egbò rùn lóòótọ́, àmọ́ egbò kì í ní kí o fọkàn balẹ̀.

"Ojú ẹ le," ìyá rẹ̀ wí. "Ta ló kó ẹ nírìíra?"

"Iṣẹ́ ni, Màámi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Iṣẹ́ tàbí èèyàn?"

Ó ń bá ìyá rẹ̀ fi ìka ya irun tó ti lọ́ pọ̀ lẹ́yìn orí, ó sì ń ro nǹkan méjì pọ̀. Bó bá dákẹ́, tó fọwọ́ sí mẹ́rìndínláàádọ́ta, irọ́ Ọ̀gá á gba ọwọ́ Àǹtí Yísíbí kúrò lára ìyá rẹ̀. Bó bá gbé mẹ́rìnléláàádọ́ta tirẹ̀ lọ fún ìgbìmọ̀, irọ́ tirẹ̀ á fi ọwọ́ náà síbẹ̀. Irọ́ ọmọ fún ìyá, ta ló máa bínú sí i? Ẹnu rẹ̀ korò bó ṣe ń rò ó. Ó rí ara rẹ̀ lórí etí tábìlì ẹlòmíì, ó ń ki nǹkan bọ etí.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ìgbìmọ̀: Ìyá Alága tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìntì, Dókítà kan tó ń wo aago ṣáá, àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbẹnu sọ fún àwọn aláìsàn. Kí Ọ̀gá tó la ẹnu, Túnunṣe ti dìde.

"Ẹ̀yin àgbà, kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́, ìyá mi wà ní wọ́ọ̀dù yẹn. Bí fóòmù bá wọlé, òun ló kàn. Ẹ má gba nọ́ńbà mi gbọ́, ẹ má sì gba ti Ọ̀gá. Igba ìgbà la jọ ṣe, igba kò tó. Ẹ jẹ́ ká yan iye mìíràn báyìí, kí ojú ẹnikẹ́ni tó rí ìdáhùn. Ohun tó bá sọ, mo máa fọwọ́ sí i."

"Kí ló ṣe igba?" Ìyá Alága bi í. "Igba ni gbogbo èyí tí a ti ń gbà tẹ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Túnunṣe. Gbogbo èyí tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀! Ó gbé e mì. "Ìyá, etí òkè tí à ń wá yìí, ìba díẹ̀ ló ń dé ibẹ̀. Nínú igba àtúnmú, márùn-ún péré ló ń kọjá rẹ̀. Márùn-ún! Bí ọ̀kan nínú wọn bá sún, etí sún. Ẹni tó bá ń tún un mì máa rí ibi tó bá wù ú. Àmọ́ bí a bá mú un ní ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló máa kọjá etí. Ẹnì kan ò lè sún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fi ju ẹyọ kan lọ yàtọ̀ síra, a jẹ́ pé ọ̀kẹ́ náà ò tó, ká sọ ọ́ di méjì. Bí wọ́n bá bára mu, ó parí."

"Ọ̀kẹ́ kan!" Ọ̀gá pariwo. "Ṣé ẹ fẹ́ dáná sun kọ̀ǹpútà ni? Àṣejù ni gbogbo èyí. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọkàn mi balẹ̀," awakọ̀ bọ́ọ̀sì fèsì. "Ṣe é, ìyáàfin."

Awakọ̀ fún un ní nọ́ńbà ara bọ́ọ̀sì tó fi ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Ìyá Alága fún un ní ti ilé rẹ̀. Dókítà wo aago rẹ̀, ó ka ohun tó rí níbẹ̀. Túnunṣe tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n jọ máa wò ó. Ẹ sì wo ohun tó dunni jù: kí wọ́n tó bu omi sí ife fún Ìyá Alága, ó ti parí. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta! Káàdì tí wọ́n ń nù ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ju ọ̀lẹ lọ.

Ti àkọ́kọ́ jáde: ọ̀kàndínláàádọ́ta. Ti èkejì: ọ̀kàndínláàádọ́ta. Ti ẹ̀kẹta: ọ̀kàndínláàádọ́ta.

Túnunṣe ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹyọ kan péré sí ìlà. Fóòmù yege.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òótọ́ ni. Àmọ́ wọn ò sọ fún wa ohun tí a máa ṣe bí òtítọ́ bá bá irọ́ tán lójú ọ̀nà, tí wọ́n wá rí i pé ilé kan náà làwọn jọ ń lọ.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Ṣé mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n ò wí bẹ́ẹ̀? Mẹ́rìndínláàádọ́ta, ọ̀kàndínláàádọ́ta, kí ni ìyàtọ̀? Gbogbo ariwo yìí, ibi tí mo ti wà tipẹ́ lẹ wá bá mi!"

"Ẹ ò sí níbẹ̀, sà," Túnunṣe dá a lóhùn. "Ìta lẹ wà, ẹ̀ ń sọ òkúta sínú òkùnkùn, ọ̀kan bá ilẹ̀kùn."

Dókítà rẹ́rìn-ín, Ìyá Alága náà rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Túnunṣe ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti òní lọ, igba ò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì yẹn mọ́, kí wọ́n sì tún gbogbo ìwádìí àtẹ̀yìnwá yẹ̀ wò. Ìyá Alága ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò tí àyè bá wà, ó ṣáà dáa pé ìdáhùn kan náà ló jáde. Dókítà dìde kí ó tó sọ ọ́ tán. Wọ́n ti ìwé sí iwájú Túnunṣe. Ó kọ ọ̀kẹ́ kan sí ibi tí wọ́n kọ igba sí, ó kọ ọ̀kàndínláàádọ́ta sí ibi tí wọ́n kọ mẹ́rìndínláàádọ́ta sí, ó fọwọ́ sí i.

Lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀gá na ọwọ́ sí i, eyín funfun báláú. "Jẹ́ ká bọ ara wa lọ́wọ́. Ìjà ti parí."

Ó wo ọwọ́ náà, ó wo èékánná gígùn tó wà ní orí ìka kékeré.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọwọ́ ni."

Ọ̀gá tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tẹ̀lé e gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó sì mọ̀ pé bí ìwádìí mìíràn bá dé lọ́la, ọkùnrin yẹn á jókòó, á mì í, á ní òun ti ṣe é rí, òtítọ́ ló sì jáde. Ó pòṣé títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún.

Fóòmù dé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí gbogbo ibùsùn lókè, ẹ̀rọ wọn ń kùn hùn-ùn-ùn nísàlẹ̀. Wọ́n gbé Àǹtí Yísíbí lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, ó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ tútù kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, kò sì bá Túnunṣe ṣe yẹ̀yẹ́ ọwọ́ mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ parí lọ́jọ́ kìíní, Túnunṣe gun òkè. Ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí fóòmù, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Yísíbí ò wá," ìyá wí. "Mo ti ń retí ẹ̀ látàárọ̀."

"Kò ní wá mọ́, Màámi. Àárọ̀ àti alẹ́ nìkan ni wọ́n á máa yí yín báyìí. Fóòmù yìí ló máa ṣe ìyókù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó lè ní ìgbìmọ̀ ni. Ó lè ní Ọ̀gá ni, ẹnikẹ́ni á sì gbà á gbọ́. "Èmi ni, Màámi. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Ìyá wò ó. Ojú kan ò lè pa dé dáadáa mọ́, àmọ́ méjèèjì ń wò ó gidi. Ẹ̀rọ kùn, ẹ̀gbẹ́ kan fóòmù wú, ẹ̀gbẹ́ kejì rọlẹ̀.

"Ṣé ohun tí o fọwọ́ sí yẹn, ó tọ́?"

"Ó tọ́."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màámi."

Ìyá gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ṣì ní agbára sókè, ó nà án sí i.

"Ó dáa," ó ní. "Wá yí mi padà. Ìdí ń dùn mí."